Báwo ni a ṣe lè ya máàpù koríko omi tí kì í dúró lójú kan?

Akẹ́kọ̀ọ́ Etí Ọ̀sà béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Koríko omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ìlú Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé, mo sì ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ àyíká. Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ládùúgbò wa pinnu láti ya máàpù àwọn ibi tí koríko yìí ti gba ojú omi, láti ọ̀sà Lekki ní ìlà oòrùn títí dé ibi tí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ti wọ inú Ọ̀sà Èkó, kí a lè gbé e fún àwọn aláṣẹ tí ẹ̀rọ ìkóríko wà lọ́wọ́ wọn. Lójú tiwa, ibi tí ariwo bá ti pọ̀ jù ni ẹ̀rọ náà máa ń lọ, a sì fẹ́ fi ẹ̀rí hàn wọ́n pé ó ní ibi tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé.

Fóònù ni a fi ń gba àmì GPS láti inú ọkọ̀. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé ibi tí a bá sàmì sí lọ́sẹ̀ yìí, omi gbalasa ni a máa ń bá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó bá tẹ̀lé e, tí koríko náà yóò sì ti ṣí lọ sí èbúté mìíràn. Mo tún gba àwòrán sátẹ́láìtì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ṣí i nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ní ewé ló rí bákan náà lójú mi: hyacinth, ojúoró, òṣíbàtà, àti igbó tó hù sí bèbè omi.

Ìbéèrè mi nìyí: ǹjẹ́ máàpù tilẹ̀ wúlò fún ohun tí kì í dúró lójú kan? Bí ó bá wúlò, kí ni ó yẹ kí a máa kọ sílẹ̀ nígbà tí a bá wà lórí omi, kí iṣẹ́ wa àti àwòrán tó ti òkè wá lè ran ara wọn lọ́wọ́?

Olùyẹ̀wò Àwòrán dáhùn:

Ẹ kú ìsapá. Máàpù wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n irú èyí tí ẹ ń yà ni ẹ ó kọ́kọ́ yí padà. Máàpù tó ń sọ ibi tí koríko wà lónìí, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Èyí tí ẹ nílò ni máàpù tó ń sọ ibi tí ó ń gbé, ìyẹn àwọn ibi tí kì í ti í kúrò yálà òjò ni tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí ó ti ń bí ọmọ tí omi ń gbé kiri. Irú máàpù bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Ẹ kó àwòrán odidi ọdún kan jọ, ẹ yọ àwọn tí ìkúùkù bò kúrò, kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ onígun mẹ́rin kékeré tí àwòrán fi para pọ̀, pé: nínú gbogbo àwòrán tí a ti rí ọ kedere, mélòó ni ewé wà lójú omi rẹ? Ibi tí ìdáhùn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn, ibùgbé koríko ni. Ibi tí ó bá ti jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀nà tí ó gbà kọjá ni. Google Earth Engine, ètò ìṣirò àwòrán sátẹ́láìtì tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè ṣe ìṣirò yìí láìjẹ́ pé ẹ gba àwòrán kankan sórí kọ̀ǹpútà yín, èyí tí kò kéré ní ilẹ̀ tí dátà ti wọ́n.

Ní ti àwòrán fúnra rẹ̀, Sentinel-2 ti àwọn ará Yúróòpù ni ó bá iṣẹ́ yìí mu jù. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ya àwòrán tí píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ mítà 10 sí mítà 10, sátẹ́láìtì méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń padà sórí ibì kan náà lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tó kọjá pupa, tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ewé tútù máa ń dá a padà lọ́pọ̀lọpọ̀, omi sì máa ń gbé e mì. Bí ẹ bá gbé ìmọ́lẹ̀ yẹn sí àárín àwòrán yín dípò àwọ̀ lásán tí ojú ń rí, ewé tó léfòó yóò yàtọ̀ sí omi gedegbe. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín ewé kan àti òmíràn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn láti òkè, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ yín lórí omi ti ṣe kókó.

Nítorí náà, ní ibi kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dúró sí, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, irú ewé tó wà níbẹ̀, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ojú omi tí ó bò, àti bóyá ó léfòó fàlàlà ni tàbí nǹkan dá a dúró. Ẹ má ṣe fi ibi tí kò sí koríko sílẹ̀ láìkọ. Ẹni tí kò bá kọ «kò sí níbí» sílẹ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ibi tí ó dé tí kò rí nǹkan àti ibi tí kò dé rárá. KoboToolbox, ètò tí a fi ń kọ àkọsílẹ̀ sínú fóònù, dára fún èyí, nítorí fóònù Android lè kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí ẹ ó fi padà sílé.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í kà sí ni wákàtí. Sentinel-2 máa ń kọjá lórí wa ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Bí ẹ bá jáde lọ́jọ́ tó ń kọjá gan-an, tí ẹ sì gba àmì yín láàárín aago mẹ́sàn-án sí méjìlá, koríko tí ẹ rí àti èyí tó wà nínú àwòrán yóò jẹ́ ọ̀kan náà. Àmì tí a gbà ní ọjọ́ kẹta sí i kò wúlò fún kíkọ́ kọ̀ǹpútà (ìyẹn fífi àmì yín hàn án kí ó lè máa dá irú ewé kọ̀ọ̀kan mọ̀ nínú àwòrán) ní ohunkóhun nípa ohun tó ń léfòó.

Baba Ọlọ́kọ̀ dáhùn:

Àbúrò mi, o káre láé. Ẹni tó bá ti ń wa ọkọ̀ kí ọdún 1984 tó dé mọ̀ pé ojúoró àti òṣíbàtà nìkan ni a ní lójú omi, àwọn tí a fi ń wúre pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ní ọdún 1984 ni àjèjì yìí gba ọ̀nà omi láti ìhà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀) wọ Àgbádárìgì, kò sì pẹ́ tí ó fi gba gbogbo ọ̀nà omi títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Agbègbè Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, òdòdó rẹ̀ tó lẹ́wà ni àwọn òyìnbó sì fi ń gbé e kiri àgbáyé. Kò sí ìṣòro láti dá a mọ̀ bí o bá sún mọ́ ọn: igi ewé rẹ̀ wú, ó sì rọ̀ bí kànìnkànìn, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò pẹ̀lú àmì òféèfèé kan lórí ewé òdòdó òkè. Ojúoró kò ní igi ewé, ewé rẹ̀ ní irun múlọ́múlọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àjèjì lọ. Òṣíbàtà ní tirẹ̀ ta gbòǹgbò sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, kì í rìn lọ síbi kankan.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú ni iyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi odò bá ti fà, òkun máa ń gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé, Ọ̀sà Èkó á sì di omi oníyọ̀. Koríko yìí kò lè fara dà á. Bí iyọ̀ bá ti ju nǹkan bí gíráàmù 6 sí 8 lọ nínú lítà omi kan, ewé rẹ̀ á pọ́n, á rà, á sì rì. Omi òkun fúnra rẹ̀ sì ní nǹkan bí gíráàmù 35. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè wo Ọ̀sà Èkó ní oṣù Kẹta kí ó sì rò pé ìṣòro ti tán. Kò tán. Ní ọ̀sà Lekki, níbi tí odò Ọ̀ṣun ti ń tú omi rẹ̀ sí, iyọ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, koríko náà á jókòó síbẹ̀ ní tútù yọ̀yọ̀, á máa bí ọmọ. Bí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, omi á kún, á sì tì í jáde bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ẹ̀pẹ́, títí dé Èkó. Nítorí náà, ra ohun èlò kékeré tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ omi, kí o sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ níbi gbogbo tí o bá dúró sí. Bí o bá mọ ibi tí iyọ̀ kì í dé, o ti mọ ìdajì ohun tí o ń wá.

Ìdajì yòókù wà lẹ́nu àwọn apẹja. Lọ bi wọ́n léèrè ibi tí àkàjà wọn wà. Àwọn igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún ẹja láti sá pamọ́ sí yẹn, koríko máa ń há sí wọn, kì í sì í kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Lójú àwòrán, ó lè jọ pé ibùgbé rẹ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé igi ló dá a dúró. Bákan náà, nígbà òjò, atẹ́gùn ìhà òkun ló ń fẹ́, ó sì máa ń ti koríko lọ sí bèbè ìhà àríwá. Èbúté tó wà lápá ibẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ dí.

Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé máàpù ti òní kò wúlò. Ọkọ̀ tó gbé àwọn ọmọ iléèwé tí koríko sì wé mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láàárín ọ̀sà, kì í ṣe máàpù ọdún mẹ́wàá ni awakọ̀ rẹ̀ ń wá. Kí àwọn awakọ̀ máa fi ibi tí ó ti dí ránṣẹ́ síra wọn láràárọ̀ lórí WhatsApp, ìyẹn náà máàpù ni. Kí ẹ ṣe méjèèjì.

Ará Àjàṣẹ́ dáhùn:

Mo kí gbogbo yín láti ọ̀dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí Baba ti dárúkọ wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú omi tiwa rí, nítorí ó kan ohun tí ẹ ó máa wò lára ewé.

Lára ohun tó rọ koríko náà lágbára ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ni kòkòrò. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń tú irú kòkòrò méjì kan tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, Neochetina eichhorniae àti Neochetina bruchi, sínú omi wa, pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ibùdó IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, tó wà ní Calavi. Àgbà kòkòrò máa ń họ ojú ewé jẹ, ìdin rẹ̀ sì máa ń gbẹ́ inú igi ewé títí omi yóò fi wọ inú rẹ̀ tí yóò sì máa rì. Kò pa á tán, kò sì yá: ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni ó yẹ kí ènìyàn fi sọ́kàn kí ó tó rí ìyàtọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣe ìṣirò rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2003, wọ́n rí i pé àǹfààní tó wọlé fún àwọn ará etí omi tó ìlọ́po 124 owó tí wọ́n ná sí i. Nígbà tí koríko gbilẹ̀ jù, àwọn ọkùnrin pàdánù nínú ìpẹja, àwọn obìnrin sì pàdánù nínú òwò oúnjẹ àti ẹja tí wọ́n ń tà. Kò sí ẹ̀rọ ìkóríko tí mo mọ̀ tí irú èrè bẹ́ẹ̀ ti ara rẹ̀ wá.

Ẹ wo ìwọ̀n ohun tí ẹ̀rọ ń bá jà. Hẹ́kítà kan koríko yìí ní tútù lè wúwo ju tọ́ọ̀nù 200 lọ, omi sì ni ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé píksẹ́lì kan ṣoṣo nínú àwòrán tí ẹ̀gbọ́n wa ń sọ, mítà 10 sí mítà 10, lè gbé ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Bí ilẹ̀ bá dẹ̀ ẹ́, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, irúgbìn rẹ̀ sì lè wà nínú ẹrẹ̀ fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ó tó hù. Ẹni tó ń kó o ní èbúté láìkó o níbi tí ó ti ń bí, á máa kó o lọ títí ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti kan máàpù yín nìyí. Kòkòrò nílò àkókò láti bí sí i, bí omi bá sì ń gbé koríko lọ sínú iyọ̀ lọ́dọọdún, òun àti kòkòrò orí rẹ̀ ni wọn yóò jọ kú. Ibùgbé tí kì í kúrò, èyí tí ẹ fẹ́ fi máàpù wá rí, ni ibi kan ṣoṣo tí ó bójú mu láti tú kòkòrò sí. Nítorí náà, ní gbogbo ibi tí ẹ bá dúró sí, ẹ já ewé mélòó kan, ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ rí àpá jíjẹ tó gùn díẹ̀ tó sì jọ ara wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti wà níbẹ̀, kò sí ìdí láti ná owó mú òmíràn wá. Ohun tí ó yẹ ni kí ẹ̀rọ má ṣe kó ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

Oògùn apakoríko ni mo ń bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe fara mọ́. Bí koríko púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó rà sínú omi, á gba atẹ́gùn tí ẹja ń mí, ẹja á sì kú. Ẹ tún rántí pé omi kan náà ni àwọn ará abúlé kan ń mu.

Akẹ́kọ̀ọ́ Etí Ọ̀sà:

Ẹ ṣeun gan-an, Baba, ẹ̀gbọ́n, àti ẹni wa ní Àjàṣẹ́. Mo ti rí i báyìí pé ọ̀sà Lekki àti ẹnu odò Ọ̀ṣun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dojú kọ, kì í ṣe èbúté Ẹ̀pẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Àkọ́kọ́, koríko náà máa ń ki débi pé ọkọ̀ kò lè wọ àárín rẹ̀, GPS fóònù wa sì lè fi mítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tàn wá. Báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé àmì wa bọ́ sórí píksẹ́lì tí ó yẹ? Èkejì, àmì mélòó ni ó tó? Ẹ̀kẹta, ẹnìkan sọ pé kí a wá dróònù.

Olùyẹ̀wò Àwòrán dáhùn:

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí dróònù: ó dára bí ẹ bá rí i, ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, ẹ nílò ìwé àṣẹ ìjọba, títí kan ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ètò ààbò, kí ẹ tó gbé e sókè, owó àti àkókò tí ìyẹn ń gbà sì lè ju iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe lọ. Ọparun gígùn kan tí ẹ so fóònù mọ́ lórí, tí ẹ gbé sókè láti inú ọkọ̀ kí ó lè ya àwòrán sí àárín koríko, yóò fún yín ní ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń wá.

Ní ti píksẹ́lì, ẹ má ṣe gba àmì lórí koríko kékeré. Ẹ yan ibi tí koríko kan náà gbà tó mítà 30 sí mítà 30, ó kéré tán. Píksẹ́lì mẹ́sàn-án ni ìyẹn, bí GPS bá sì fi mítà márùn-ún tàn yín, àmì àárín rẹ̀ kò ní bọ́ sórí omi. Bí ọkọ̀ kò bá lè wọlé, ẹ fi ọkọ̀ yí i ká díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú fóònù tó ń gba ipa ọ̀nà yín, kí ẹ sì lo inú òbìrí náà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó gba àmì èyíkéyìí. Àmì tí a gbà nígbà tí ọkọ̀ ń sáré kò ṣe é gbára lé.

Iye tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sábà máa ń fọkàn sí ni àmì 50, ó kéré tán, fún irú nǹkan kọ̀ọ̀kan tí máàpù fẹ́ fi hàn: 50 fún hyacinth, 50 fún ojúoró, 50 fún omi gbalasa, 50 fún igbó etí omi. Ṣùgbọ́n àmì àyẹ̀wò ni mo ń sọ. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ẹ fi kọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rí wọn títí iṣẹ́ yóò fi parí. Mo ti rí máàpù tó dára lójú, tí ẹni tó yà á sì ń fi àmì kan náà kọ́ ọ, tí ó tún ń fi wọ́n dán an wò. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí kò ní yege. Ẹ ṣe tábìlì kan tí yóò fi hàn iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà pe ojúoró ní hyacinth, àti iye ìgbà tí ó pe hyacinth ní ojúoró. Bí àṣìṣe méjèèjì bá pọ̀ jù, ẹ da wọn pọ̀ sí «ewé tó léfòó», kí ẹ jẹ́ kí àkọsílẹ̀ orí omi nìkan sọ ìyàtọ̀ wọn. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ìkúùkù yóò yọ yín lẹ́nu láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá. Sentinel-1, tó ń lo rédà, lè ríran kọjá ìkúùkù, ó sì ń fi bí ojú omi ṣe rí págunpàgun hàn, ṣùgbọ́n ìgbì tí atẹ́gùn ń dá sílẹ̀ lè jọ koríko lójú rẹ̀, nítorí náà ẹ máa fi í kún àlàfo ni, ẹ má ṣe gbé gbogbo iṣẹ́ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìtàn ibẹ̀, àwòrán Landsat, sátẹ́láìtì àwọn ará Amẹ́ríkà, wà láti kí koríko náà tó dé, ṣùgbọ́n píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ mítà 30, ti àwọn tó pẹ́ jù sì tún tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó sì bo agbègbè wa ní àwọn ọdún 1980 kò pọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì tàbí Kẹta, nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí iyọ̀ sì ti pa èyí tó yẹ kí ó pa. Ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù ní tútù lákòókò yẹn ni ó ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ lọ bá àwọn aláṣẹ, ẹ má ṣe gbé gbogbo máàpù lọ. Ẹ mú ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó burú jù, pẹ̀lú àmì GPS, àwòrán fóònù, iye hẹ́kítà, iye iyọ̀, àti bóyá àpá kòkòrò wà lára ewé, kí ẹ sì béèrè pé kí ẹ̀rọ dé ibẹ̀ kí òjò oṣù Kẹrin tó bẹ̀rẹ̀.

Baba Ọlọ́kọ̀ dáhùn:

Bí ẹ bá ń lọ sí ẹnu odò Ọ̀ṣun lóṣù Kejì, ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n tukọ̀ dání, kì í ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì nìkan. Omi máa ń fà níbẹ̀ lákòókò yẹn, ẹ́ńjìnnì kò ní lè ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀ àti koríko. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ àti olórí àwọn apẹja kí ẹ tó wọ omi, nítorí àwọn ni wọ́n ni àkàjà tí ẹ ó máa yà ní àwòrán.